Ọmọ Ẹlòmíràn Lẹ́bàá Ibùsùn Arúgbó

Ní Sandton, ìhà àríwá ìlú Johannesburg, àwọn olówó ní ilé ìtọ́jú fún òbí wọn tí ń ṣarán. Lódìkejì títì márosẹ̀ ni Alexandra wà, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1912. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì láti irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ bá dúró lẹ́bàá ibùsùn bàbá tí iyè rẹ̀ ti rà, kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ni ó pín wọn níyà. Èdè àti ìtàn ìgbésí ayé pín wọn níyà pẹ̀lú.

Ẹ̀kọ́ àtijọ́ ni pé kí ó wẹ̀ ẹ́, kí ó bọ́ ọ, kí ó sì fún un lóògùn. Tom Kitwood, ti Yunifásítì Bradford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí i pé èyí kò tó. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1997, ó ṣàlàyé pé ìbàjẹ́ ọpọlọ nìkan kọ́ ní ń ni aláìsàn náà lára. Bí a bá ń tàn án jẹ, bí a bá ń ṣe é bí ọmọdé, tàbí bí a bá ń sọ̀rọ̀ lójú rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, ìpalára náà a máa pọ̀ sí i.

Nítorí náà, ìbéèrè ni ẹ̀kọ́ tuntun fi ń bẹ̀rẹ̀: ta ni ẹni yìí? Iṣẹ́ wo ni ó ṣe? Orin wo ni ó fẹ́ràn? Bí ìyá arúgbó bá dìde ní ìrọ̀lẹ́ pé òun ń lọ mú ọmọ òun wálé, nọ́ọ̀sì tí a kọ́ dáadáa kì yóò bá a jiyàn. Yóò béèrè nípa ọmọ náà, yóò sì bá a rìn díẹ̀. Ẹni tí ń ṣarán a sì máa pàdánù èdè tí ó kọ́ nígbà tí ó dàgbà, a máa padà sí èdè abínibí rẹ̀. Ní South Africa, tí ó ní èdè ìjọba 12, ìkíni kan ní èdè ìyá aláìsàn lè mú ọkàn rẹ̀ rọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kan ilẹ̀ Yorùbá. Ìwádìí kan ní Ìbàdàn, tí a tẹ̀ jáde ní 2001, fi hàn pé nínú 100 arúgbó ẹni ọdún 65 sókè, nǹkan bí 1.35 ni àìsàn yìí ń kọlù lọ́dọọdún. Ti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis jẹ́ 3.24. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n àwọn arúgbó ń pọ̀ sí i, àwọn ọmọ ń lọ sí òkè òkun, a sì ń pe ìyá tí ń ṣarán ní àjẹ́ nígbà mìíràn.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Lónìí, ọmọ ẹlòmíràn ni ó sábà máa ń fún un lọ́mú. Ohun tí ọmọ bíbí inú ẹni mọ̀ láìsí olùkọ́, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni yóò kọ́ ọmọ ẹlòmíràn.