Suzanne Valadon, Ọmọ Alágbàfọ̀ tí ó di Ayàwòrán

Ní ọdún 1865 ni a bí Suzanne Valadon ní Bessines-sur-Gartempe, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Faransé. Marie-Clémentine ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Kò mọ baba rẹ̀. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ ní òkè Montmartre ní Paris. Láti kékeré ni ó ti ń ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ kí ó lè jẹun. Ó bá àwọn eléré tí ń dárà lórí okùn ṣeré, ṣùgbọ́n ó já bọ́ láti òkè nígbà tí ó tó bí ọmọ ọdún 15, iṣẹ́ náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá di ẹni tí ń dúró níwájú àwọn ayàwòrán, kí wọ́n lè máa wò ó ya àwòrán, kí wọ́n sì sanwó fún un. Puvis de Chavannes, Renoir àti Toulouse-Lautrec wà lára wọn. Ṣùgbọ́n Valadon kò dúró lásán. Bí wọ́n ti ń wò ó ni òun náà ń wò wọ́n, bí wọ́n ti ń po ọ̀dà àti bí wọ́n ti ń fa ìlà. Kò rí ọ̀nà mìíràn, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ àwòrán ńlá ti ìjọba ní Paris kò gba obìnrin títí di ọdún 1897, kò sì ní owó tí yóò fi gba olùkọ́.

Nígbà tí Degas, ògbólógbòó ayàwòrán, rí ohun tí ó ń yà, ó yìn ín, ó rà nínú wọn, ó sì kọ́ ọ ní fífín àwòrán sára irin. Ní 1894, a gba àwòrán rẹ̀ sí ìpàtẹ ẹgbẹ́ Société Nationale des Beaux-Arts.

Valadon kò ya obìnrin bí ọmọlangidi. Nínú àwòrán tí ó pè ní Yàrá Aláwọ̀ Aró ní 1923, obìnrin sígbọnlẹ̀ kan nà gbalaja lórí ibùsùn, ó wọ ṣòkòtò onílà, ó fi sìgá sẹ́nu, ìwé sì wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń sinmi, kò sì bìkítà bí ẹnikẹ́ni ń wo òun.

Ìpọ́njú kò fi í sílẹ̀. Maurice Utrillo, ọmọ tí ó bí ní 1883, ti sọ ara rẹ̀ di ẹrú ọtí láti ìgbà èwe. Ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ní àwòrán yíyà láti fa ọkàn rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ọtí kò tú u sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó di ayàwòrán tí òkìkí rẹ̀ kàn.

Nígbà tí Valadon kú ní oṣù kẹrin ọdún 1938, Picasso, Braque àti Derain wà lára àwọn tí ó wá síbi ìsìnkú rẹ̀. Ẹni tí àwọn ayàwòrán ti ń sanwó fún kí ó lè dúró jẹ́ẹ́ ni àwọn ayàwòrán wá fi ọ̀wọ̀ sin.