Okùn Inú Awọ Ẹja

Ó lè ya yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí awọ ẹja. Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ni ó sì mú mi dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni kọ́lájìn. Láti inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti fa gbòǹgbò rẹ̀ yọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ‘ohun tí ń mú àtè jáde’. Ẹni tí ó bá ti rí ọbẹ̀ ẹsẹ̀ màlúù tí ó dì mọ́jú ti rí àtè náà. Ohun tí iná sọ ọ́ dà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Kí iná tó kàn án, okùn ni. Fọ́nrán mẹ́ta ni ó lọ́ mọ́ ara wọn, tí wọ́n ń di awọ, iṣan àti egungun mú. Bí ooru bá pọ̀ jù, fọ́nrán a tú, okùn a sì di jẹlatínì.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ yọ okùn yìí lódidi kò gbọdọ̀ se awọ ẹja. Yóò ha ìpẹ́ àti ẹran kúrò. Yóò rẹ awọ sínú omi sódà tí kò le, kí àwọn èròjà mìíràn lè ṣí kúrò. Yóò sì fọ ọ̀rá rẹ̀ nù. Lẹ́yìn èyí, yóò rẹ ẹ́ sínú ásíìdì fínígà tí a bomi là, fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta, nínú òtútù ìwọ̀n 4 ti Sẹ́síọ́ọ̀sì. Okùn náà yóò yòrò. Bí a bá sẹ́ omi náà tí a sì da iyọ̀ sí i, yóò dì bí wàrà. A ó wá fọ iyọ̀ kúrò, a ó sì gbẹ ẹ́ nínú òtútù.

Bí omi tí ẹja ń gbé bá ṣe gbóná tó ni okùn rẹ̀ ṣe ń yi tó. Ti ẹja kọ́ọ̀dù, tí àwọn ará Nọ́wè ń sá gbẹ ránṣẹ́ sí wa, a máa tú ní nǹkan bí ìwọ̀n 15. Ti epìyà wa a máa tó bí 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí a yọ lára ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́ èèwọ̀ fún Mùsùlùmí. Ti ẹja kò rí bẹ́ẹ̀.

Nínú ìkòkò tiwa, a kì í bó awọ ẹja. A ń jẹ ẹ́ ni. Ibi tí ilé-iṣẹ́ ti ń gé ẹran ẹja nìkan sínú páálí ni awọ ti ń di ìdọ̀tí. Ohun tí a kò lórúkọ fún kì í pẹ́ dé ààtàn. Mo wá ń dábàá fún àwọn tí ń ṣe èdè-ìperí pé kí a pè é ní okùn-ara, nítorí òun ni okùn tí ń fún ara lókun.