Fírígò oògùn adìẹ, iná tó lọ, àti káàdì tí kò rántí nǹkan kan

Ọ̀rọ̀ òní kan ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìẹ, ó sì kan ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi bọ́ọ̀dù Arduino ṣe àpótí tó ń ka bí fírígò ṣe tutù tó.

Ẹ mọ̀ pé èyí tó pọ̀ jù nínú oògùn àjẹsára adìẹ, bíi ti àìsàn Newcastle, fẹ́ ìtutù ìwọ̀n 2 sí 8. Tó bá gbóná jù, agbára rẹ̀ á lọ, ojú ò sì ní rí i. Ẹ ó kán an sí adìẹ lójú, owó ti lọ, adìẹ á tún kú.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbọ́ wa gbé àpótí tirẹ̀ wá. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, lọ́sàn-án ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Òru tí iná lọ, fáìlì ṣófo.” Ẹ wò ó! Òru yẹn gan-an la fẹ́ mọ̀ nípa ẹ̀. Iná tó lọ tó lè ba oògùn jẹ́, òun náà ló pa àkọsílẹ̀ rẹ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Tí àpótí bá ní òun ti kọ ọ, kò túmọ̀ sí pé ó ti dé orí káàdì. Ó máa ń kó o jọ sínú ara rẹ̀ ná, títí yóò fi pé 512 bytes. Ó dà bí ìyá ọlọ́jà tó so owó mọ́ etí ìró, tí kò tíì gbé e fún alájọ: tí ìró bá bọ́ sọnù, alájọ ò mọ̀ ọ́n. Èyí tó burú jù ni pé káàdì kì í mọ bí fáìlì ṣe gùn tó àfi tí ẹ bá lo close() tàbí flush(). Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń ṣí fáìlì lẹ́ẹ̀kan ní àárọ̀, tí wọn ò sì pa á dé mọ́. Ẹ fi flush() sí ẹ̀yìn ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sì jẹ́ kó máa kọ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, fírígò kì í yára gbóná bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún tó.

Ti ọmọkùnrin yẹn tún ní àrùn kejì. Ó fún káàdì níná láti ojú 3.3 lára Arduino Uno. Ojú yẹn ò lè gbé ju 50 milliampere lọ, káàdì míì sì lè fẹ́ ju 100 lọ nígbà tó bá ń kọ. Torí náà ó lè kà, àmọ́ kò lè kọ. Ẹ ra bọ́ọ̀dù káàdì tó ń sọ fóltì 5 di 3.3 fúnra rẹ̀, kí wáyà rẹ̀ sì kúrú. Ẹ má fi fóltì 5 kan káàdì ní tààrà o, ẹ ó jó o.

Káàdì ayédèrú náà ń bẹ lọ́jà: wọ́n á kọ 64 sí i, inú rẹ̀ ò tó 8. Ẹ fi F3 tàbí H2testw yẹ̀ ẹ́ wò lórí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Orúkọ fáìlì kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ ṣáájú àmì ìdánudúró. Arduino ò sì ní aago tí ń rántí. Ẹ so DS3231 tó ní bátìrì mọ́ ọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iná á dé, aago á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Tí ẹ bá ń lo power bank kí ó má bàa kú nígbà tí iná bá lọ, ẹ ṣọ́ra. Púpọ̀ nínú wọn máa ń pa ara wọn tí ohun tí wọ́n ń fún níná kò bá jẹ púpọ̀. Ó ti bà mí lójú jẹ́ rí! Bátìrì tí wọ́n ń fi sóòlà gbà sàn jù.

Tí òru kan bá ṣófo nínú àkọsílẹ̀, ẹ má kà á sí òru tó tutù. Ẹ ya oògùn náà sọ́tọ̀, kí ẹ bi dókítà ẹran. Ti oògùn àjẹsára àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ilé ìwòsàn, ẹ má fi àpótí tí a ṣe nílé dí ẹ̀rọ tí wọ́n fọwọ́ sí.

Lálẹ́ òní, ẹ fa wáyà àpótí yín yọ lójijì, ní ìgbà mẹ́wàá, kí ẹ ka iye ìlà tó kù lórí káàdì lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan.