Bí Awò Tuntun Kò Bá Bá Ojú Yín Mu, Ẹ Má Ṣe Fi Í Pamọ́

Àwọn àgbà a máa sọ pé ojú ni ọba ara. Gbogbo wa ni a mọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n nígbà tí ọba náà bá bẹ̀rẹ̀ sí ṣe àárẹ̀, kì í ṣe gbogbo wa ni a mọ bí a ti í tọ́jú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ awò ojú ni mo mú wá ní ọ̀sẹ̀ yìí, pàápàá jù lọ awò tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe é. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi ni n óò kọ́kọ́ sọ, bí ojú tilẹ̀ ń tì mí díẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá jìn sí kòtò ni í kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Mo ti lé ní ẹni ogójì ọdún. Ó ti pẹ́ tí mo ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, dìsípẹ́ńsárì ni mo sì ń bá ṣiṣẹ́. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ṣàkíyèsí pé mo ní láti na apá mi jìnnà kí n tó lè ka ohun tí a kọ sí ara ìgò oògùn. Bí mo bá sì fẹ́ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ọmọ ni mo máa ń pè. Èyí kì í ṣe àrùn. Gíláàsì kékeré kan wà nínú ẹyinjú olúkúlùkù wa, tí ó máa ń kì sí i nígbà tí a bá ń wo ohun tí ó wà nítòsí. Nígbà èwe, ó rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ orí ti ń lọ ni ó ń le sí i, nígbà tí a bá sì fi máa tó ogójì ọdún tàbí kí a lé díẹ̀, kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn bí ó ti yẹ mọ́. Kò sí olówó, kò sí tálákà, ojú àgbà kì í yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Mo lọ yẹ ojú mi wò. Wọ́n jẹ́ kí n jókòó ní mítà 6 sí pátákó tí a kọ lẹ́tà ńlá àti kékeré sí, irú èyí tí dókítà ojú kan ní ilẹ̀ Netherlands, Hermann Snellen, gbé jáde ní 1862. Wọ́n tún fún mi ní ìwé kékeré láti kà nítòsí. Wọ́n kọ nọ́ńbà awò mi sí ìwé, mo sì mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan. Ìkánjú ni mo fi lọ. Férémù tí ó ń dán jù ni mo mú, mo sanwó, nígbà tí ọjọ́ pé, ọmọkùnrin kan fi awò náà sínú àkọ̀ rẹ̀, ó nà án sí mi, mo dúpẹ́, mo sì bá ọ̀nà mi lọ. N kò fi í sójú níwájú rẹ̀. Òun náà kò ní kí n jókòó. Ibẹ̀ ni àwa méjèèjì ti ṣàṣìṣe.

Ìyà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti di egbò fún aláìsàn, awò yóò yọ̀ wá sí ṣóńṣó imú mi, mo sì mọ̀ pé nọ́ọ̀sì tí ó ti fọwọ́ kan egbò kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ náà kan ojú ara rẹ̀. Apá òsì awò náà ń fún mi ní ẹ̀bátí, ẹ̀yìn etí mi sì bó. Bí mo bá kàwé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, iwájú orí yóò bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ mi, lẹ́tà yóò sì máa rìn lójú mi bí èèrà. Mo wí nínú ara mi pé, “Owó ti lọ, kí ni mo tún fẹ́ lọ sọ?” Mo fi awò sínú àkọ̀, mo ti àkọ̀ náà sínú àpótí tábìlì, mo sì padà sí apá nínà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà kan, èrò pọ̀ débi pé wọ́n dúró dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá ọlọ́mọ kan gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá, ikọ́ àti ibà ni ó ń ṣe é, a sì ti kọ oògùn olómi tí wọ́n ń pè ní amoxicillin sí káàdì rẹ̀. Oríṣi méjì ni oògùn yìí lórí pẹpẹ wa. Nínú ọ̀kan, ṣíbí 5 ml kan ní mìlígíráàmù 125, nínú èkejì, ṣíbí kan náà ní 250. Ìgò wọn dọ́gba, àwọ̀ wọn dọ́gba, nọ́ńbà yẹn nìkan ni ó yà wọ́n. Mo na apá, mo fún ojú pọ̀, mo mú ọ̀kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé fún ìyá ọmọ bí yóò ṣe máa fún un. Ọmọbìnrin tí ń ràn mí lọ́wọ́ fà mí láṣọ, ó rọra wí pé, “Sístà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o, 250 ni ó wà lára eléyìí.”

Ara mi tutù. Ìlọ́po méjì ohun tí ó tọ́ sí ọmọ náà ni mo fẹ́ gbé lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Bóyá oògùn yẹn kì bá tí pa á, ṣùgbọ́n àwọn oògùn mìíràn wà lórí pẹpẹ kan náà tí ìlọ́po méjì wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Awò tí ì bá gbà mí lọ́wọ́ àṣìṣe náà wà nínú àpótí, kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ sí ibi tí mo dúró. Mo pààrọ̀ ìgò náà, mo bẹ ìyá ọmọ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà lójú gbogbo ènìyàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo gbé awò padà sí ṣọ́ọ̀bù. Bàgbà kan ni mo bá níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Kò bá mi jiyàn rárá. Ó dojú awò náà dé orí tábìlì, ó ní kí n wò ó. Apá kan fara kan tábìlì, apá kejì wà lókè. Férémù náà ti lọ́. Lẹ́yìn èyí, ó jókòó ní iwájú mi, ó sì fi rúlà kékeré wọn àlàfo tí ó wà láàárín ọmọlójú mi méjèèjì, èyíinì ni ibi dúdú tí ó wà láàárín ẹyinjú. Nígbà tí mo ń wo ìtòsí, ó jẹ́ mìlímítà 60. Ó wọn gíláàsì awò mi, ó bá 68.

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Gbogbo gíláàsì awò ni ó ní àárín tirẹ̀, àárín yìí sì gbọdọ̀ wà ní ọ̀kánkán ọmọlójú. Bí a bá ń wo ọ̀nà jíjìn, àlàfo ọmọlójú àgbàlagbà sábà máa ń wà láàárín mìlímítà 54 sí 74, ó sì máa ń dín díẹ̀ bí a bá ń kàwé, nítorí ojú méjèèjì a máa súnmọ́ ara wọn. Bí àárín gíláàsì bá yà kúrò ní ọ̀kánkán, ojú yóò máa fi agbára fa ara rẹ̀ láti rí ohun kan ṣoṣo, orí fífọ́ ni yóò sì ti ibẹ̀ wá. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ fún mi kò ní àbùkù rárá, ibi tí wọ́n gbé e sí ni kò tọ́. Wọ́n tún gíláàsì náà ṣe láìgba owó lọ́wọ́ mi. Bàgbà náà fi atẹ́gùn gbígbóná rọ apá awò, ó tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀yìn etí mi, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀, kí n mi orí, kí n rẹ́rìn-ín. Awò kò kúrò lójú.

Ẹ rántí ohun tí àwọn ìyá wa ń sọ: gèlè kò dùn bí ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé kò dà bí kó yẹni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni awò. Nítorí náà, kí ẹ tó dìde lórí àga ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ yẹ àwọn nǹkan wọ̀nyí wò.

Èkíní, imú. Ẹsẹ̀ kéékèèké méjì tí awò fi ń jókòó gbọdọ̀ tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ imú dáadáa, kí ó má sì dá ọgbẹ́ sí i. Òkè imú ọ̀pọ̀ nínú wa kò ga, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ férémù tí ó wà lọ́jà jẹ́ èyí tí a ṣe fún imú tóóró tí òkè rẹ̀ ga. Ẹ bèèrè èyí tí a lè fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì.

Èkejì, ẹ̀bátí àti etí. Apá awò kò gbọdọ̀ fún orí. Ó gbọdọ̀ lọ tààrà dé òkè etí, ibẹ̀ gan-an ni kí ó sì ti tẹ̀, kì í ṣe ṣáájú, kì í ṣe lẹ́yìn.

Ẹ̀kẹta, ojú. Irun ìpéǹpéjú kò gbọdọ̀ máa gbá gíláàsì, férémù kò sì gbọdọ̀ máa gun ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹ bá rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀kẹrin, iṣẹ́ yín. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń fi ojú ṣe. Ibi tí télọ̀ ń wò kì í ṣe ibi tí dírẹ́bà ń wò. Ẹ mú ìwé yín tàbí aṣọ tí ẹ ń rán dání, kí ẹ sì fi awò náà wò ó níbẹ̀.

Ẹni tí ó bá gba awò onípele méjì, tí òkè rẹ̀ wà fún ọ̀nà jíjìn tí ìsàlẹ̀ sì wà fún ìwé kíkà, ní láti ṣọ́ra sí i. Awò yìí kì í ṣe ohun tuntun, Benjamin Franklin ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa tirẹ̀ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní 1784. Ìlà tí ó pín in sábà máa ń wà ní ọ̀gangan etí ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀. Bàbá télọ̀ kan wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú orúnkún bíbó, ìlà awò tirẹ̀ ga jù, ó sì fi ìsàlẹ̀ awò wo àtẹ̀gùn. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ tẹ orí ba, kí ẹ fi òkè awò wo ilẹ̀.

Awò tuntun lè kọ́kọ́ mú kí ilẹ̀ dà bí ẹni pé ó ga tàbí pé ó tẹ̀. Ẹ fún un ní ọjọ́ díẹ̀. Bí ó bá ku nǹkan tí ń yọ yín lẹ́nu lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà lọ. Ṣùgbọ́n bí ojú bá ṣàdédé ṣókùnkùn, tàbí tí ó ń dunni gidigidi, tàbí tí ẹ ń rí ìmọ́lẹ̀ tí ń kọ mànà, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ń bi mí nípa awò orí àtẹ. Nọ́ńbà kan náà ni ó wà nínú gíláàsì rẹ̀ méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀tún àti ti òsì kì í fìgbà gbogbo dọ́gba. Ó lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti kàwé, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún un bóyá àrùn wà nínú ojú. Èyí tí wọ́n ń pè ní glaucoma a máa jí ojú kó díẹ̀díẹ̀ láìsí ìrora, ohun tí ó bá sì ti jí lọ kò ní padà mọ́. Àwa aláwọ̀ dúdú wà lára àwọn tí ó ń bá jà jù. Ẹni tí ó bá ti pé ogójì ọdún, kí ó jẹ́ kí wọ́n yẹ inú ojú rẹ̀ wò. Ní Nàìjíríà, láti 1989 ni òfin ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí ń forúkọ àwọn tí ń yẹ ojú wò àti àwọn tí ń ṣe awò sílẹ̀. Ẹ má tijú láti bèèrè ìwé ẹ̀rí wọn.

Nílé, ọwọ́ méjì ni kí ẹ máa fi yọ awò, kí apá rẹ̀ má baà lọ́. Omi àti ọṣẹ díẹ̀ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ tí ó mọ́ nù ún. Etí ìró tí eruku wà lára rẹ̀ yóò ha gíláàsì. Ẹ má dojú gíláàsì délẹ̀.

Ìyá ọmọ yẹn ṣì ń wá sọ́dọ̀ wa, ọmọ náà sì ti ń sáré káàkiri àgbàlá dìsípẹ́ńsárì. Nígbàkúùgbà tí mo bá rí i, mo máa ń fọwọ́ kan awò ojú mi láti mọ̀ bóyá ó jókòó dáadáa. Bí tiyín bá wà nínú àpótí, ẹ gbé e jáde lónìí, kí ẹ sì mú un padà lọ bá ẹni tí ó ṣe é.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ire o.