Ìbọn ìdáàbòbò oko

Ìbọn ìdáàbòbò oko ni ìbọn tí àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ fi ń pa ẹranko tí ń ba ohun ọ̀gbìn tàbí ohun ọ̀sìn jẹ́. Ní Brítéènì, ehoro, eku àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi í pa.

Irú ìbọn

Bí ẹranko ṣe tóbi tó àti bí ó ṣe jìnnà tó ló ń pinnu irú ìbọn. Ìbọn afẹ́fẹ́ dára fún eku àti ehoro tí kò jìnnà ju nǹkan bí mítà 30 lọ. Ní England, àgbàlagbà lè ní èyí tí agbára rẹ̀ kò ju foot-pound 12 lọ láìgba ìwé àṣẹ. Ní Scotland, ìwé àṣẹ ti di dandan láti òpin ọdún 2016. Ìbọn .22 LR kì í pariwo púpọ̀, ṣùgbọ́n ọta rẹ̀ lè ta padà lára òkúta. Ọta .17 HMR, tó jáde ní ọdún 2002, yára jù ú lọ, ó sì máa ń fọ́ túútúú, àmọ́ atẹ́gùn a máa gbé e yà. Ìbọn .223 ni ọ̀pọ̀ ń lò fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀.

Awò

Lójú ọ̀sán, awò tí ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 3 sí 9 tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Lóru, awò infrared ń lo ìmọ́lẹ̀ tí ojú lásán kò rí láti fi ìrísí ẹranko hàn. Awò ooru ń fi ooru ara hàn, nítorí náà ó ń tètè rí ẹranko. Ṣùgbọ́n lọ́ọ̀ọ́kán, ó lè ṣòro láti fi mọ ológbò ilé yàtọ̀ sí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ọdẹ ń fi awò ooru wá ẹranko, wọ́n á sì fi awò infrared dá a mọ̀ kí wọ́n tó yìnbọn.

Ààbò

Kò sí awò tí ń dá ọta dúró. Bí kò bá sí ilẹ̀ gíga lẹ́yìn ẹranko tí yóò gba ọta, ọdẹ kò gbọdọ̀ yìnbọn.