Ìtọ̀ tó ń jò lára ọmọbìnrin eléré ìdárayá: Ẹ má bá a jà, ìtọ́jú wà

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, ọ̀rọ̀ ìtìjú ni ọ̀rọ̀ tọ̀sẹ̀ yìí lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìtọ̀ tó máa ń já lójijì lára obìnrin la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nígbà tó bá ń fò, tó ń sáré, tó wúkọ́, tó sín tàbí tó rẹ́rìn-ín.

Bí a bá gbọ́ irú èyí, ìyá àgbà tàbí abiyamọ tó ti bímọ púpọ̀ ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Òótọ́ ni pé ọmọ bíbí àti ọjọ́ orí máa ń fà á. Ṣùgbọ́n ó ń ṣe àwọn ọmọge tí wọn ò lóyún rí náà, pàápàá àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá tí fífò pọ̀ nínú rẹ̀. Ní 1994, àwọn oníwàádìí kan ní Amẹ́ríkà gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí obìnrin 144 tó ń ṣe eré ìdárayá ní yunifásítì. Kò sí èyí tó bímọ rí nínú wọn, bí ọmọ 20 ọdún sì ni wọ́n. Síbẹ̀, 40 nínú wọn ló sọ pé ìtọ̀ máa ń jò lára àwọn nígbà tí àwọn bá ń ṣeré. Nínú àwọn tó ń ta òkìtì, ó lé ní ìdajì wọn tó ń ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù, tí kì í fò rárá, kò ṣe ẹyọ ẹnì kan nínú wọn.

Kí ló ń fà á?

Àwọn iṣan kan wà nísàlẹ̀ ìbàdí wa, tí wọ́n nà láti iwájú dé ẹ̀yìn bí ìgbà tí èèyàn bá ta ẹní síbẹ̀. Àwọn ló gbé àpò ìtọ̀ àti ilé ọmọ dúró, àwọn náà ló ń bá wa fún ọ̀nà ìtọ̀ pa. Bí ọmọ bá fò sókè tó balẹ̀, ohun tó wà nínú ikùn á rọ́ wá sísàlẹ̀, á sì tẹ àpò ìtọ̀. Bí iṣan yìí kò bá lágbára tó, tàbí tí kò tètè fún, ìtọ̀ á já. Pé ẹsẹ̀ àti ikùn ọmọ le kò ní kí iṣan ìsàlẹ̀ yìí náà le.

Ẹ má fi ẹ̀sùn kan ọmọ

Àwọn òbí mìíràn á ní àtọ̀sí ni, pé ọmọ ti ń tẹ̀ lé ọkùnrin. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí ọmọ fi àìsàn pamọ́. Á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ṣòkòtò dúdú, á máa sá fún omi mímu, nígbà tó bá yá, á pa eré tó fẹ́ràn tì. Àìmumi kì í sì í ṣe oògùn rẹ̀. Ìtọ̀ tó ki máa ń yọ àpò ìtọ̀ lẹ́nu, ìgbẹ́ á le, bí èèyàn bá sì ń fi agídí yàgbẹ́, iṣan yẹn kan náà ló ń dẹ̀ sí i.

Ohun tí ẹ lè ṣe

Láti 1948 ni dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Arnold Kegel, ti kọ̀wé nípa eré ìdárayá fún iṣan yìí, òun náà sì ni àwọn dókítà ṣì kọ́kọ́ ń júwe lónìí. Báyìí la ṣe ń ṣe é:

Ẹ jókòó, kí ẹ fún ìdí pa bí ẹni tó fẹ́ di ìsó mú láàárín èrò, kí ẹ sì fún iwájú pa bí ẹni tó ń di ìtọ̀ mú. Ẹ má fún itan, ẹ má sé èémí. Ẹ dì í mú, kí ẹ ka ení, èjì títí dé márùn-ún, kí ẹ wá dẹ̀ ẹ́ pátápátá. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ má ṣe fi ìgbà tí ẹ bá ń tọ̀ lọ́wọ́ kọ́ ọ. Bí ó bá ti mọ́ra, kí ọmọ máa fún un pa kó tó fò, kí ìyá àgbà náà máa fún un pa kó tó wúkọ́ tàbí kó tó sín, nítorí ó ń ṣiṣẹ́ fún àgbà náà.

Bí kò bá sí ìyàtọ̀, ẹ lọ sí ọsibítù, kí ẹ bi wọ́n léèrè fisiotẹ́rápísìtì, àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti eegun. Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ bá ń ta èèyàn, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí ibà bá a wá, tàbí tí òùngbẹ àti ìtọ̀ pọ̀ lójijì, ẹ má dúró rárá. Ẹ tètè rí dókítà, nítorí ó lè jẹ́ àìsàn mìíràn tàbí ìtọ̀ ṣúgà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ fẹ̀sọ̀ bi ọmọ yín obìnrin tó ń ṣeré nílé ìwé. Bí ó bá ní ó ń ṣe òun, ẹ sọ fún un pé òun nìkan kọ́, kí ẹ sì jọ máa ṣe eré ìdárayá náà nílé.