Ta Ló Ń Ṣọ́ Òkun Wa? Bí Títọpa Ọkọ̀ Ogun Rọ́ṣíà Ṣe Kan Etí Òkun Ìlàjẹ

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan tó ń jẹ́ MSC Lucia ń ti Tógò bọ̀, ó dorí kọ Kamẹrúùnù. Lójú agbami ni àwọn ajalèlókun ti gun orí rẹ̀. Àwọn atukọ̀ ò bá wọn jà. Wọ́n sá wọ yàrá ẹ́ńjìnnì, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ra, ọkọ̀ náà sì ti ké gbàjarè. Ọkọ̀ ogun tó gbọ́ igbe náà tó sì dìde kì í ṣe ti Nàìjíríà, kì í ṣe ti Kamẹrúùnù. Vice-Admiral Kulakov ni, ọkọ̀ ogun Rọ́ṣíà tí ilé rẹ̀ wà ní Severomorsk, lápá àríwá ayé lọ́hùn-ún. Hẹlikọ́pítà Ka-27 gbéra lórí rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun. Bí àwọn ajalèlókun ṣe rí i, wọ́n bẹ́ sínú ọkọ̀ asáré wọn, wọ́n forí lé etí òkun. Ilé-iṣẹ́ ológun Rọ́ṣíà ò sì fi ìròyìn náà pa mọ́. Gbogbo ayé ló gbọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kan ará Ìlàjẹ. Ọkọ̀ tó bá ń ti Lomé lọ sí Douala yóò kọjá níwájú àwọn ìlú wọn, Araromi, Ayétòrò àti Àwóyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkèèrè réré ni yóò ti gbà. Àwọn apẹja Ìlàjẹ fúnra wọn ti ń ná ọ̀nà náà láti ọjọ́ pípẹ́: àwọn kan dó sí Kútọnu, àwọn kan dó sí ìhà Bakassi. Wọ́n mọ ìgbì ibẹ̀, wọ́n mọ ìjì ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ọkọ̀ ogun Rọ́ṣíà ń wá níbẹ̀? Ta ló sì mọ̀ pé ó wà nítòsí kó tó di pé ó gba igbe?

Kulakov kọ́ ló kọ́kọ́ dé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1968, ìjọba Gánà mú ọkọ̀ apẹja méjì ti Ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì, Kholod àti Veter. Ìfura wọn ni pé àwọn ọkọ̀ náà ń bá àwọn ọmọlẹ́yìn Kwame Nkrumah, ààrẹ Gánà tẹ́lẹ̀ tó ń gbé ní Gínì nígbà náà, da nǹkan pọ̀. Oṣù bíi mélòó kan kọjá, wọn ò tú àwọn atukọ̀ náà sílẹ̀. Nígbà tí ọdún 1969 fi máa bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ogun Sófíẹ́ẹ̀tì yọ lójú òkun Gánà. Wọn ò yin ìbọn, wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n kàn wà níbẹ̀ ni. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Gánà fi àwọn ọkọ̀ apẹja sílẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n wá fìdí kalẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 1970, àwọn Pọtogí gba ojú omi kọ lu Conakry, olú ìlú Gínì. Ààrẹ Sékou Touré ké sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Moscow, ọkọ̀ ogun Sófíẹ́ẹ̀tì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láìdáwọ́dúró. Láti ọdún 1973, ọkọ̀ òfuurufú Tu-95 wọn ń balẹ̀ sí Conakry, ó ń wo òkun Àtìláńtíìkì láti òkè, títí Sékou Touré fi dá a dúró ní ọdún 1977. Láyé ìgbà yẹn, àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń tọpa wọn, tí wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n bá rí sínú ìwé àṣírí. Ará Ìlàjẹ tó bá rí ọkọ̀ gàgàrà aláwọ̀ eérú lókèèrè kò ní ẹni tó máa bi. Nígbà tí Ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì fọ́ ní ọdún 1991, àwọn ọkọ̀ náà padà sílé, òkun sì ṣófo.

Àwọn ajalèlókun ló kún àyè tó ṣófo náà. Kì í ṣe ìbẹ̀rù Rọ́ṣíà ló mú kí àwọn ìjọba wa ra ojú sí òkun, ẹni tó ń jí epo àti ẹni tó ń jí èèyàn gbé ni. Ní ọdún 2020, èèyàn 135 ni wọ́n jí gbé lórí ọkọ̀ ojú omi káàkiri ayé. 130 nínú wọn, ní ìhà òkun tiwa yìí ni. Ìjà ajalèlókun náà ló sì tún fa àwọn ará Rọ́ṣíà padà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012, ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà mú ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Myre Seadiver ní Èkó, ọmọ Rọ́ṣíà 15 ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn àti ọta. Ilé-iṣẹ́ aládàáni tó ń ṣọ́ ọkọ̀ akẹ́rù lọ́wọ́ ajalèlókun ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́.

Láàárín ọdún mẹ́wàá, ojú wá pọ̀ lórí òkun. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2013, àwọn ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà pàdé ní Yaoundé, wọ́n sì fẹnu kò láti máa fi ohun tí wọ́n bá rí lójú omi tó ara wọn létí. Nàìjíríà, Benin, Tógò àti Niger wà ní agbègbè kan, Kútọnu sì ni wọ́n fi ibùdó wọn sí. Ní ọdún 2016, ọmọ ogun ojú omi Faransé àti ti Bìrìtìkó dá MDAT-GoG sílẹ̀, níbi tí ọkọ̀ òwò ti lè ké sí wọn tọ̀sán tòru. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí iṣẹ́ ààbò òkun tí wọ́n ń pè ní Deep Blue ní Èkó. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ọmọ ogun ojú omi ṣí Falcon Eye, ẹ̀rọ tó ń kó ohun tí rédà, kámẹ́rà àti rédíò bá rí ní etí òkun wa jọ sójú kan.

Iṣẹ́ náà ti fara hàn kí wọ́n tó ṣí wọn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, àwọn ajalèlókun gba ọkọ̀ apẹja Ṣáínà kan, Hai Lufeng 11, lójú òkun Côte d'Ivoire. Orílẹ̀-èdè kan ń sọ fún èkejì bí ọkọ̀ náà ṣe ń kọjá, títí ọkọ̀ ogun Nàìjíríà fi ká a mọ́ lójú agbami ní gúúsù Èkó. Wọ́n gba èèyàn 18 là, wọ́n mú ajalèlókun 10. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí wọn, ní ọdún 2022, nígbà tí ọkọ̀ epo ńlá Heroic Idun sá kúrò ní ibùdó epo Akpo, Nàìjíríà ránṣẹ́ sí Equatorial Guinea, wọ́n sì mú un níbẹ̀. Ojú kan náà tó rí àwọn wọ̀nyí ló ń rí ọkọ̀ ogun àjèjì.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rí i? Òfin àgbáyé ní kí ọkọ̀ tó bá ń ti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn, tí ìwọ̀n rẹ̀ tó 300 tọ́ọ̀nù, máa gbé ẹ̀rọ AIS. Ẹ̀rọ náà ń kéde orúkọ ọkọ̀, ibi tó wà àti bó ṣe ń sáré tó. Rédíò etí òkun ń gbà á, sátẹ́láìtì náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ ọkọ̀ ogun sílẹ̀. Ó lè pa tirẹ̀, ó sì lè fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ hàn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, BBC tọpa ọkọ̀ ogun Rọ́ṣíà kan tó ń jẹ́ Boikiy, wọ́n rí i pé ó fi nọ́ńbà èké bojú bó ṣe ń sin ọkọ̀ epo méjì tí wọ́n ti fòfin dè gba ojú omi tó wà láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ti ń bọ̀. Ó ti dé Malabo, ó sì ti dé Conakry. Bó bá wà lójú agbami, ó lè fara pa mọ́. Bó bá fẹ́ omi àti epo, yóò wọ èbúté, ẹnìkan yóò sì ya fọ́tò rẹ̀. Rédà sátẹ́láìtì náà kò mọ̀ bóyá AIS wà ní títàn tàbí ní pípa: irin tó bá wà lójú omi, ó máa rí i lóru àti lójú kùrukùru.

Òfin sì fún ọkọ̀ ogun láyè. Máìlì òkun 12 láti etí ilẹ̀ ni ti wa pátápátá, ibẹ̀ náà sì rèé, ó lè kọjá bí kò bá dá wàhálà sílẹ̀. Ọkọ̀ abẹ́ omi gbọ́dọ̀ léfòó kó fi àsíá rẹ̀ hàn níbẹ̀. Láti ibẹ̀ títí dé 200 máìlì, ẹja àti epo ni tiwa. Ọ̀nà jẹ́ ti gbogbo ayé. Ìdí nìyẹn tí orílẹ̀-èdè fi ń fi ìdánrawò sọ ibi tí ọkàn wọn wà. Amẹ́ríkà ń kó ọkọ̀ ogun jọ pẹ̀lú wa lọ́dọọdún fún Obangame Express. Èkó ló gba ti ọdún 2023 lálejò. Faransé ní Grand African NEMO tiwọn. Rọ́ṣíà, Ṣáínà àti Gúúsù Áfíríkà ṣe Mosi nítòsí Cape Town ní ọdún 2019, wọ́n tún ṣe é ní Durban àti Richards Bay ní oṣù Kejì ọdún 2023, ọkọ̀ ogun Rọ́ṣíà Admiral Gorshkov sì wà níbẹ̀.

Gbogbo ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ òkun wọ̀nyí, irin ńlá ni wọ́n mọ̀. Ọkọ̀ apẹja Ìlàjẹ kì í ṣe irin: pákó ni, ẹ́ńjìnnì Yamaha kan wà nídìí rẹ̀, àwọ̀n wà láàárín, gálọ́ọ̀nù epo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń tukọ̀. Kò ní AIS, ó sì kéré jù fún ọ̀pọ̀ rédà láti dá mọ̀ láàárín ìgbì. Nígbà tí ajalèlókun bá dá a dúró, ẹ́ńjìnnì yẹn ni wọ́n máa ń tú lọ, wọ́n á sì fi àwọn tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ kí ìgbì máa gbé wọn kiri. Kò sí ibùdó ní Yaoundé tàbí Kútọnu tó máa gbọ́. Ọmọ ogun ojú omi ní ibùdó ní Ìgbókòdá, ṣùgbọ́n láti Àwóyè, odò àti pàpá omi ló wà láàárín.

Kí a sì rí nǹkan kò sọ pé a ó ṣe nǹkan sí i. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, kànga epo Ororo-1 gbiná lójú òkun Ìlàjẹ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni iná náà fi jó. Sátẹ́láìtì tó ń wo iná láti òkè kò ṣaláì rí i.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n ojú tí a rà yìí, orí ẹlòmíràn ló ń ṣọ́ jù. Apẹja tó ń wọ òkun ní ìdájí ló máa ń kọ́kọ́ rí ọkọ̀ tí kò tan iná àti ọkọ̀ asáré tí kò gbé àwọ̀n. Bó bá rí i, ta ni kó sọ fún? Ọ̀pọ̀ kò tíì gbàgbé oṣù Karùn-ún ọdún 1998, nígbà tí ọmọ ogun bọ́ látinú hẹlikọ́pítà lórí ibùdó epo Parabe tí wọ́n sì yìnbọn fún ọmọ Ìlàjẹ tó lọ fẹ̀hónú hàn. Kó tó fọ̀nà han ológun, yóò kọ́kọ́ rò ó pé òun ni wọ́n máa mú. Nọ́ńbà kan tí wọ́n ń dáhùn ní èdè Ìlàjẹ, tí ẹni tó pè é kò ní di afurasí, tí ọkọ̀ asáré yóò sì jáde ní Ìgbókòdá nítorí rẹ̀, kò ní ná ìjọba ní owó tó tó ti rédà kan. Bí wọn ò bá ṣe é, ìgbà tí ọkọ̀ Rọ́ṣíà mìíràn bá tún kọjá, àwọn ará Faransé àti Bìrìtìkó tó ń bójú tó MDAT-GoG ní Brest àti Portsmouth ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, ará Ayétòrò tó rí i lójú ara rẹ̀ ni yóò sì gbọ́ kẹ́yìn lórí rédíò.